Ẹ̀mú Ìyá Ilé

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1911

Kérésì àwọn obìnrin, ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún Kérésì, parí lánàá, a sì ti yọ ewé kúrò lójú fèrèsé. Mo gbé kóòtù dúdú mi síta kí n fọ̀ ọ́, mo sì rí i pé ẹfun tí àwọn aláìníṣẹ́ máa ń fà sí ẹ̀yìn ẹni tí kò ṣègbéyàwó, tí wọ́n fà sí mi ní Àìkú àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀ èṣí ṣì wà níbẹ̀. Mo ti gbọn ọ́n, mo ti fi omi gbígbóná nù ún, síbẹ̀ ó ń yọjú. Aṣọ náà mọ̀ pé mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, n kò sì lọ́kọ.

Àsìkò ti ṣí báyìí. Láti òní títí di Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú ni Fádà yóò máa so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀. Ẹni tí kò bá rí ṣe kí ààwẹ̀ tó wọlé, ó di ọdún mìíràn. Coleman Faherty sọ fún mi létí kànga ní ọjọ́ Kérésì pé òun dúró dè mí lọ́dún tó kọjá, òun á dúró dè mí lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n òun kò lè kọjá ibẹ̀. N kò bá a jà. Iṣẹ́ òrùlé ló ń ṣe, láti ilé dé ilé, ìyá rẹ̀ sì kú ní oṣù Bélú. Ààrò tútù ló ń padà sí lálaalẹ́. Ìṣáná ló fi ń dáná bí ọmọ ogun.

N kò lè kúrò níbí bí Malachy kò bá gbéyàwó. Àbúrò mi ni, òun ló sì ni ilẹ̀. Ẹrù tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé wọlé ni wọn yóò fi ṣe ẹrù tèmi. Ìyàwó ń wọlé, màlúù ń jáde. Malachy jókòó, ó ń ki tábà sínú píìpù.

"Kí ni ìkánjú, Bina?" ló wí.

Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í mọ̀ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Festus Lally tí í ṣe alárinà wá lẹ́yìn Mísà, ìgò wà lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Mo ti rí ìrìn rẹ̀ lójú ọ̀nà kí ó tó dé, mo sì mọ̀ pé ó ní nǹkan í sọ. Òdìkejì adágún ló ti ń bọ̀, ilé Ambrose Mulkerrin. Delia lorúkọ ọmọ náà.

"Ọmọ ọdún mélòó ni?" Màmá ló béèrè.

"Ìyá Malachy, ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó iṣẹ́ ṣe, kò sì tíì tó ìráhùn."

"Bọ́tà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ bá mi dé àwọn ilé ìtajà kí ẹ gbọ́. Bọ́tà àwọn ẹlòmíràn ń dúró de bọ́tà rẹ̀ kó tán kí wọ́n tó rí ẹni rà wọ́n."

"Ahọ́n rẹ ni wọn kò rí rà," ni Màmá wí, ṣùgbọ́n ó ní kí n fún un ní tíì.

Ẹgbọrọ abo màlúù mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi sìn ín. Mẹ́ta gan-an ni Coleman ní òun fẹ́. Mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Festus sọ ọ́, ọwọ́ mi sì dúró nínú omi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Òjò. Wọ́n fi tọ́rọ́ lé owó tíì. Màmá kò lè di ife mú lónìí, àfi kí n gbé e sí i lẹ́nu. Làkúrègbé yìí ti ká gbogbo ìka rẹ̀ wọ inú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mulkerrin wá rin ilẹ̀ wa lónìí. Ọkùnrin gígùn ni, ọ̀pá rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó o. Ó fi ọ̀pá náà gún ilẹ̀ títí n fi rò pé omi ló ń wá. Ó wo òkìtì ìgbẹ́ màlúù tó wà lẹ́yìn ilé pẹ́ ju bó ṣe wo Malachy lọ. Ó wọ yàrá ìwọ̀-oòrùn tí Màmá yóò kó sí, ó fimú gbóòórùn ògiri. Ó wo Màmá, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Èyí ńkọ́?" ló bi Festus, bí ẹni ń béèrè ọ̀rọ̀ àga. "Ìgbà wo ló ń lọ?"

"Ọjọ́ kejì ìgbéyàwó gan-an. Ọkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Àwọn màlúù yín kò tilẹ̀ ní mọ orúkọ ẹnikẹ́ni níbí tí wọ́n á fi gba inú àbàtà lọ sílé rẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ kan nínú ilé, Ọlọ́run ló ní ká fara dà á. Bó bá di méjì, a-fọwọ́-fà ni."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ìtìjú dé. Malachy ti yá màlúù méjì lọ́wọ́ Festus kí pápá wa lè kún lójú àlejò, gbogbo wa la mọ̀ àfi Mulkerrin. A wà nídìí oúnjẹ nígbà tí àkókò fífún wàrà tó. Ni màlúù méjèèjì bá gbérí, wọ́n gba ibi tí ògiri òkúta ti ya, ó di ilé Festus. Mulkerrin ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

"Festus," ló wí, "ṣé àwọn màlúù ilé yìí máa ń rìnrìn àjò ni?"

Festus kò gbé ṣíbí sílẹ̀. "Wọ́n lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ni. Màlúù tó mọ ẹbí ni wọ́n."

Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọdún tí òun gbéyàwó, òun náà yá ẹṣin, ẹṣin ọ̀hún sì gbé òun àti ìyàwó tààrà lọ sí ilé ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bọ́. Mo palẹ̀ abọ́ mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé, ọjọ́ Brigid Mímọ́

Wọ́n lọ jókòó ìpinnu nílé ọtí ní ìlú ọjà. Màmá ní òun á bá wọn lọ, wọ́n sì fi aṣọ wé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Èmi dúró sílé, mo ń hun àgbélébùú koríko tí a óò gbé kọ́ sókè ilẹ̀kùn. Mo hun mẹ́rin. Mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, mo sì mọ̀ láti inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn pé nǹkan ti bàjẹ́.

"Wọ́n gbà fún Màmá pé kó ní yàrá ìwọ̀-oòrùn," ni Malachy wí nígbà tí Màmá ti wọlé lọ. "Wọ́n gbà fún un pé kó ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ iná, wàrà màlúù kan, àti àyè nínú kẹ̀kẹ́ lọ sí Mísà. Mulkerrin ti ń nawọ́ kí a bọwọ́. Ló bá ní ẹ̀mú tí a fi ń mú ẹ̀yinná nídìí ààrò kò sí nínú ohun tí òun fi sílẹ̀. Ó ní ẹ̀mú di ọjọ́ tí òun bá kú."

"Kí ni Mulkerrin sọ?"

"Ó ní obìnrin tí kò ní ẹ̀mú nínú ilé ọkọ rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ó ní òun kò fi màlúù mẹ́ta sin ọmọ ọ̀dọ̀. Ó dé fìlà, ó jáde."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ?"

"Kí ni n bá sọ? Ìyá mi ni."

Mo gbé àgbélébùú kọ́. Mo ti fi mẹ́ta yòókù sínú àpótí, n kò mọ ilé tí mo fẹ́ gbé wọn lọ.

Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Ìgbéyàwó méjì kọjá níwájú ilé wa lọ́sẹ̀ yìí. Ariwo kẹ̀kẹ́ àti ti fèrè.

Coleman dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀mú ló gbé ìgbéyàwó mì," ló wí.

"Ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yá."

"Ẹ̀mú lásán, Bina? Irin méjì?"

"O kò tíì gbé nínú ilé tí obìnrin méjì wà rí."

"N kò tilẹ̀ gbé nínú èyí tí ẹyọ kan wà mọ́." Ó bojú wo bàtà rẹ̀. "Festus ti dárúkọ ọmọ opó kan fún mi, lápá òkè lọ́hùn-ún."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní kó jẹ́ kí Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn kọjá ná."

Ọkùnrin dáadáa ni. Èyí ló mú kó burú. Bó bá jẹ́ òpònú ni, n bá bú u, n bá sì sùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Yìnyín bo ilẹ̀. Omi kànga di bí gíláàsì, àfi kí n fi òkúta fọ́ ọ.

Mo wà nínú ìhámọ́. Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Mo ń jí, mo ń hú iná jáde lábẹ́ eérú, mo ń so okùn bàtà Màmá, mo ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, mo ń fún wàrà. Ní alẹ́, mo ń fi eérú bo iná padà, mo ń gba àdúrà tí a fi ń bò ó, kí ó má kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Iná yìí kò tíì kú rí láti ìgbà ìyá bàbá mi. Ẹ̀mú tí mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, ti Màmá ni. Kò lè di í mú mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e kọ́ síbi tí kò yẹ, á ní kí n gbé e sí ààyè rẹ̀. N kì í ṣe ìyàwó, n kì í ṣe ìyá ilé. Wọn kò lè pè mí ní ọmọ ọ̀dọ̀ pàápàá, nítorí ọmọ ọ̀dọ̀ a máa gbowó.

Bí Malachy kò bá gbéyàwó, ibí ni n óò wà. Bó bá wá gbéyàwó lẹ́yìn tí Coleman ti lọ, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: n óò wà lẹ́yìn obìnrin mìíràn nídìí ààrò, n óò máa tọrọ àyè kí n tó gbé omi kaná.

Mo sọ ọ́ fún un lónìí. Mo ń fi òróró pa á lọ́wọ́, mo ní, "Màmá, ẹ̀mú yẹn ló ń dì mí mú."

Ó ń wo iná. Ó ní, "Òróró yẹn tutù."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Festus wá gba garawa rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa, ni Màmá bá pè é láti orí ìjókòó rẹ̀.

"Lọ bá Mulkerrin. Sọ fún un pé n óò gbé ẹ̀mú náà fún ìyá ilé ní ẹnu ọ̀nà, lójú gbogbo ayé, lọ́jọ́ tí ìyàwó bá wọlé."

Festus wò ó. "Ṣé kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bí mo ṣe wí i gẹ́lẹ́ ni kí o wí i. Má fi ti ìpolówó bọ́tà kún un."

Kò dúró gba garawa mọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, mo fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀ tó ká. Ó fà á kúrò, ó ní kí n lọ wo ẹlẹ́dẹ̀. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.

Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Malachy lọ jẹ akọ pẹ́pẹ́yẹ nílé Mulkerrin gẹ́gẹ́ bí àṣà ọkọ ìyàwó. Mo bi í léèrè bí ọmọ náà ṣe rí. Ó ní pẹ́pẹ́yẹ náà rọ̀, wọ́n sì fi àlùbọ́sà sí i nínú. Mo tún bi í. Ó ní ó dà bíi pé irun rẹ̀ pupa díẹ̀, ṣùgbọ́n iná wà lẹ́yìn rẹ̀, kò dá òun lójú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Fádà ti gbà. Ajé fún Malachy, Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn fún èmi àti Coleman. Ó ní ìdílé wa ń fi ìgbéyàwó ṣeré bí ẹni ń sáré bá ọkọ̀ ojú irin. Ọtí ti gbówó lórí ní gbogbo ilé ìtajà, wọ́n mọ̀ pé a kò ní ibòmíràn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo fi ẹfun kun iwájú ilé. Òjò fọ̀ ọ́ kúrò. Mo tún un kùn. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n Màmá ti dákẹ́ jù láti ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó sì ń fi ojú tọ̀ mí kiri ilé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, òwúrọ̀

Mo ti wọ aṣọ tán. Kẹ̀kẹ́ kò tíì dé. Jẹ́ kí n kọ ti àná kí n tó lọ, bí mo bá ń lọ rárá.

Wọ́n so Malachy àti Delia pọ̀ láàárọ̀, wọ́n jẹ, wọ́n mu ní ọ̀dọ̀ àwọn Mulkerrin. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fà á wálé. Èmi kò lọ, èmi ni mo wà nídìí ìkòkò. Àwọn aládùúgbò ti dáná sẹ́bàá ọ̀nà, mo sì ń rí kẹ̀kẹ́ mẹ́fà tí wọ́n ń bọ̀ láàárín èéfín, àwọn màlúù mẹ́ta lẹ́yìn, ọ̀pá Mulkerrin lẹ́yìn wọn. Ìyá Delia kò sí níbẹ̀, ìyá ìyàwó kì í bá wọn wá. Àwọn oníkoríko, ọkùnrin àdúgbò tó máa ń fi koríko bo ara wá jó níbi ìgbéyàwó, dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà kékeré wa, mẹ́fà, koríko láti orí dé orúnkún, a kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń jó, wọ́n ń fọn fèrè.

Wọ́n gbé Delia sọ̀kalẹ̀. Irun rẹ̀ pupa lóòótọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, bàtà rẹ̀ ń fún un lẹ́sẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á. Màmá dúró lójú àbáwọlé. Nítorí pé ìka rẹ̀ kò lè di nǹkan mú, ó gbá ẹ̀mú náà mọ́ àyà láàárín ọrùn ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni gbé ọmọ. Èmi ni mo bá a fọ́ búrẹ́dì òótì lé orí ìyàwó. Àwọn ọmọge du ẹ̀rúnrún rẹ̀. Ó wá ku ẹ̀mú.

Màmá kò wo Delia. Ó yí sí mi.

"Ìyá ilé," ló wí, "gba ẹ̀mú rẹ."

Fèrè dákẹ́. Festus ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ojú ti ń ṣe bàìbàì, ẹ má bínú, àgbà ni, ìyàwó ló wà lápá ọ̀tún..."

"Ojú mi ríran, Festus Lally. Mo ní n óò gbé e fún ìyá ilé, o sì bá mi jẹ́ iṣẹ́ náà. Ta ló ń bo iná ilé yìí láti ìgbà tí ọwọ́ mi ti ká? Ta ló ń so mí ní bàtà? Ọmọ yìí ni ìyá ilé. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un rí, èmi náà kò sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lónìí."

Mo gbà á. N kò ní parọ́ síbí: inú mi dùn. Fún ìwọ̀n èémí kan, inú mi dùn ju bó ṣe dùn rí láyé mi. Ohun tí mo ti ń retí láti ọdún pípẹ́ wá ló wà lọ́wọ́ mi, lójú gbogbo ayé bó ti ṣèlérí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Mulkerrin.

"Ẹ dá àwọn màlúù yẹn padà."

Ọ̀kan ti ń yí. Malachy dúró, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Delia súnmọ́ mi títí tí n fi gbọ́ òórùn ọṣẹ lára rẹ̀.

"Kí ni n óò ṣe?" ló sọ sí mi létí. "Wọ́n ti so wá pọ̀. Ìyàwó kì í padà sílé bàbá rẹ̀ kí oṣù tó pé. Ilé wo ni kí n wọ̀?"

Mo wò ó, mo rí i pé ìhámọ́ kan náà la jọ wà, èmi nínú, òun níta. Bí mo bá di ẹ̀mú yìí mú, èmi ni ìyá ilé títí n óò fi kú, nínú ilé tí kì í ṣe tèmi. Bí mo bá jù ú sílẹ̀, mo ti já ìyá mi sí ìhòòhò níwájú ayé. Ọ̀rọ̀ wá sí mi lọ́kàn nígbà náà, n kò mọ ibi tó ti wá.

"Ẹ dúró ná," ni mo wí, mo sì wọlé.

Kò sí ẹni tó lè dá mi dúró, ẹ̀mú wà lọ́wọ́ mi. Mo lọ sídìí ààrò, mo yan ẹ̀yinná mẹ́ta láti àárín gbùngbùn iná, mo kó wọn sínú ìkòkò irin kékeré tí mo ti fi eérú tẹ́, mo tún fi eérú bò wọ́n, mo dé e. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà ń mí kanlẹ̀. A kì í gbé iná jáde nínú ilé lọ́jọ́ báyìí. Ìyá ilé nìkan ló lè fún ọmọbìnrin ilé ní iná tó fẹ́ fi dá ààrò tirẹ̀. Ó dáa. Èmi ni ìyá ilé, Màmá ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni ọmọbìnrin ilé. Mo fún ara mi.

Mo padà sí ẹnu ọ̀nà, mo fi ẹ̀mú lé Delia lọ́wọ́.

"Ìyá ilé," ni mo wí, "gba ẹ̀mú rẹ."

Ó gbà á. Mo wá kọjú sí àwọn oníkoríko. "Èwo nínú yín ni Coleman Faherty?"

Ẹkẹrin ṣí koríko ojú rẹ̀ sókè.

"Kọ́kọ́ bọ́ koríko yẹn," ni mo wí, "kí n tó gbé iná lé ọ lọ́wọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ló bá ran gbogbo wọn. Coleman bọ́ koríko, ó gbà á, ó ń yí ìkòkò náà káàkiri bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún.

"Má jẹ́ kó kú," ni mo wí. "Bí ó bá kú kí ilẹ̀ tó mọ́, má wulẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Bina, ọkùnrin kì í bo iná."

"Ẹ̀kọ́ dé nìyẹn."

Mulkerrin wò mí pẹ́. "Màlúù mi ń lọ síbi tó ní iná, ó kéré tán," ló wí, ó sì ní kí wọ́n dá wọn dúró. Wọ́n wọlé, wọ́n jó. Ó di koríko àti bàtà nínú ilé.

Láàárọ̀ yìí, mo so okùn bàtà Màmá nínú yàrá ìwọ̀-oòrùn.

"O fi ẹ̀bùn mi tọrẹ," ló wí.

"Mo lò ó kí n tó fi tọrẹ, Màmá."

Ó na ẹsẹ̀ kejì sí mi. "Mo fẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́."

"Wọ́n ti mọ̀."

"Mo sì fẹ́ kí o dúró tì mí. Ìyẹn náà wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀, Màmá. Mo gbọ́ méjèèjì."

Mo ti sunkún, mo ti nu ojú. Èéfín kún ilé nítorí Delia ń hú iná láti apá tí kò yẹ. Màmá gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti inú yàrá, ó pariwo pé, "Apá òsì, ọmọ, apá òsì ló máa ń jí." Ohùn rẹ̀ le bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo rò pé wọ́n á lè jọ gbé.

Òjò rọ̀ láti ìgbà tí Coleman gbé iná jáde lálẹ́ àná títí di ìsinsìnyí. Ọ̀nà àbàtà gùn, ìkòkò náà sì ní ibi tó jò létí ìdérí. N kò rò ó lánàá. Kẹ̀kẹ́ ti dé.

Ọjọ́rú Eérú, ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ̀nà

Coleman wá lánàá. Ó dúró níwájú pẹpẹ, èérí dúdú wà níwájú orí rẹ̀ àti ní imú, irun ojú rẹ̀ kan ti jó, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Fádà wò ó, ó ní ṣé ó ti gba eérú rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. N kò bi í léèrè nǹkan kan. Mo sọ pé mo gbà láìmọ̀ bóyá iná wà tàbí kò sí, nítorí mo rò pé bí ó bá ti kú, ìtìjú kì bá jẹ́ kó wá, àmọ́ ọkùnrin tí ebi iná ń pa lè parọ́.

A da màlúù mẹ́ta gba inú àbàtà. Mo rí èéfín lórí òrùlé kí a tó dé, síbẹ̀ n kò gbà á gbọ́. Ìṣáná lè ṣe èéfín.

"Ṣé tiwa ni?" ni mo bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Tiyín ni. Mo sùn lọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo jí, ó ku ẹyọ kan, ó kéré bí ojú adìyẹ. Mo sun gbogbo koríko ara mi lé e lórí, fìlà àti gbogbo rẹ̀, kó tó gbà."

Mo kúnlẹ̀ wò ó. Ó tò ó burúkú, ẹrẹ̀ gbígbẹ tí à ń fi dáná ló kó lé e bí ẹni ń mọ ògiri, ṣùgbọ́n ó ń jó. Mo ní kí ó mú ọwọ́ wá. Ìka rẹ̀ wú, ó ti bó.

"Kí ló dé tí o kò lo ẹ̀mú?"

Ó fi orí júwe ògiri. Ẹ̀mú ìyá rẹ̀ wà lórí ìṣó, aláǹtakùn ti ta òwú sí i. "Kì í ṣe tèmi. Mo sì rò ó títí, Bina, n kò rí ẹni tí yóò gbé e fún ọ."

Mo dìde. Mo wo ẹnu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó sì ṣe mí bíi pé kí n rí obìnrin kan níbẹ̀ tó gbá irin mọ́ àyà. Òjò nìkan ló wà níbẹ̀, àti màlúù tó ń wá ibi tí yóò wọ̀ sí. Mo fi etí aṣọ nu òwú aláǹtakùn.

"Ìyá ilé," ni mo wí, mo sì sọ ọ́ sókè kí ó gbọ́, "gba ẹ̀mú rẹ."

Mo sì gbà á.